Ọkọ̀ Tí Bàbá Àgbà Bọ́ Láṣọ

Ọsàn mẹ́rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ní Fìdítì ni mo ti rà á, ní ìlú tó jẹ́ pé ọsàn la fi ń júwe ara wa fún àlejò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ẹ bá mú kọ́bọ̀ kan dání lọ sí ìdí igbá, ọsàn tí wọ́n máa kó fún yín á ju ohun tí apá yín lè gbé lọ, ẹni tó ń tà á á sì tún fi ènì lé e. Nínú mẹ́rin tí mo rà yìí, kò sí ènì, ọ̀kan nínú wọn sì kan bí ọtí àná. Gálọ̀nù epo bẹntiróòlù kan kò tó ṣílè mẹ́rin nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Lónìí, lítà kan ṣoṣo ti di ohun tí èèyàn ń gbàmọ̀ràn lé lórí kó tó rà á. Láti Ìlọ́ra dé Ọ̀yọ́, tọ́rọ́ la máa ń san. Nígbà tí dírẹ́bà sọ iye tó jẹ́ báyìí fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kó tún un sọ.

"Bàbá, ṣé etí yín ò gbọ́ dáadáa ni?"

"Etí mi gbọ́," mo dá a lóhùn. "Ọkàn mi ni kò tíì gbọ́."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, mo sì san án.

Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí owó rẹ̀ gòkè tí inú ẹnìkan dùn sí i ni irin àlòkù. Lóṣù tó kọjá, a ń tún òrùlé ilé Bàbá àgbà ṣe ní Fìdítì, nítorí òjò ti ń wọ yàrá rẹ̀, a sì ní láti kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ síta. Lábẹ́ ibùsùn onírin tó fi sùn títí tó fi kú, a fa ìdì mọ́kànlá jáde. Aṣọ àtijọ́ ni wọ́n fi wé wọn, okùn ni wọ́n fi dì wọ́n. Èyí tó gùn jù nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ibùsùn náà fúnra rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń ra irin kiri ń kọjá lọ pẹ̀lú ọmọlanke rẹ̀. Ó yà sọ́dọ̀ wa, ó tú etí ìdì kan, irin dídán yọ sí i, ó fi èékánná kàn án.

"Bàbá, irin àtijọ́ nìyí. Ó wúwo. Mo máa san owó gidi." Ó ti ń gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ bọ̀ kí n tó lanu.

Múnírá, àbúrò mi obìnrin, tí òun náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Kò wo ọkùnrin náà rárá. Èmi ló wò.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ kó wọn débẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá kí wọ́n gbé wọn lọ."

Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ mi kò kan ìdì kankan níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n èmi ni mo kó wọn dé abẹ́ ibùsùn yẹn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Bàbá àgbà ti lọ, n kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni ní kíkún. Mo ní kí onírin padà wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kọ́kọ́ rò ó, ìgbà tí mo bá sì ń kọ̀wé ni mo máa ń ronú dáadáa.

Bàbá tó bí bàbá mi ni mò ń sọ. Ọsàn ló ń tà. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, orí ló fi ń rù ú láti Fìdítì dé Ìbàdàn. Nígbà tí mo fi máa mọ̀ ọ́n, ó ti ní lọ́rì méjì tó ń kó ọsàn lọ sí Èkó. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n tó bá gbé ọsàn kan sọ́wọ́, á sọ oko tó ti wá fún yín. Aṣọ rẹ̀ kò pọ̀: aláró méjì fún iṣẹ́, funfun kan fún Jímọ́ọ̀. Kì í wọ aago, kò ní òrùka. Tó bá bó ọsàn, èèpo rẹ̀ kì í já títí tó fi máa bó o tán, á wá fi èèpo náà kọ́ sórí ìṣó lára ògiri kó gbẹ, nítorí ó dára fún dídá iná. Kò sí ohun tó ń fi ṣòfò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò lè gbà láéláé pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló lọ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń ra kòkó ní Ìbàdàn, tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé, ló ti rà á. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ogun Hítílà, nígbà tí ọwọ́ wọn ti lọ sókè níbẹ̀. Òkè rẹ̀ funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí aró tí wọ́n fi omi là. Gbogbo ibi tí ojú lè dé lára rẹ̀ ni wọ́n fi irin dídán sí, èyí tí wọ́n ń pè ní kúróòmù. Ẹnu iwájú rẹ̀ kún fún eyín, bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò mọ̀ rí. Wọ́n fi irin ṣe ìpéǹpéjú sókè iná méjèèjì. Ọ̀pá irin kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó wá ṣẹ́ ní àárín bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ. Ní ẹ̀yìn, ìyẹ́ méjì dìde dúró bíi ti ẹja, iná pupa ṣóńṣó kan sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìdí ọkọ̀ òfurufú. Bọ́ńpà iwájú yọ ohun rìbìtì méjì jáde tó jọ ọmú obìnrin. Ìyá àgbà, ìyàwó Bàbá, wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé, ó mú ìborùn kan jáde, ó sì fi so wọ́n. Ìborùn yẹn wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Bàbá tó lè bẹ̀ ẹ́ pé kó tú u.

Eléyín ni ará ìlú sọ ọkọ̀ náà. Àlejò ni Bàbá ń pè é.

Lọ́jọ́ tó dé, àgbẹ̀ kan láti Iwàrẹ̀ tó wá sanwó ẹrù rẹ̀ rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dúró ní ẹ̀yìn, ó fọwọ́ pa ìyẹ́ kan.

"Ṣé ó ń fò ni?"

"Kì í fò," ni Bàbá dá a lóhùn.

"Kí ló wá ń fi ìyẹ́ ṣe?"

Bàbá kì í tètè dáhùn ìbéèrè, bó ti wù kó rọrùn tó. Ó ní, "Ó wù ú láti fò."

Ó di ìgbà tí mo dé yunifásítì kí n tó mọ̀ pé ìdáhùn yẹn péye. Mo rí àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ilé ìkàwé, mo sì ka bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ogun ti parí, irin ti pọ̀, owó ti pọ̀, ọkọ̀ òfurufú ni gbogbo èèyàn ń wò lójú ọ̀run. Ẹni tó ń ya àwòrán ọkọ̀ á fi ìyẹ́ kékeré kan sí i lọ́dún yìí. Ẹlòmíràn á fi ìyẹ́ tó ga ju ìyẹn lọ sí tiẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á tún gbé tiẹ̀ sókè sí i. Bẹ́ẹ̀ ni irin dídán náà ń pọ̀ sí i, kì í ṣe pé ó ń mú ọkọ̀ sáré, kì í ṣe pé ó ń mú un pẹ́, bí kò ṣe pé kò sí ẹni tó fẹ́ kí tẹni kejì dán ju tòun lọ. Nígbà tó fi máa dé ibi tí kò yé wọn mọ́ bóyá ọkọ̀ ni tàbí yàrá ìyàwó tuntun, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìyẹ́ náà kúrú. Ìgbà tí ojú ti ń ti àwọn tó ṣe é ni ọkọ̀ tiwa dé Fìdítì. A kò mọ̀. Ojú kò tì wá rárá.

Làmídì ni dírẹ́bà tó ń wà á, nítorí Bàbá kò kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ọkùnrin tínínrín kan ni, ẹlẹ́nu mímú. Òun àti Bàbá ló máa ń fọ ọkọ̀ láràárọ̀ Jímọ́ọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti wọlé. Ní ìlú tiwa, ohun tó bá ń dán, idẹ ni. Gbogbo ilé ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú idẹ: eérú tí wọ́n jọ̀ dáadáa, àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ bu eérú, ẹ fún ọsàn sí i, ẹ fi kànìnkànìn ra á. Bí ẹ bá ṣe ń ra á tó ni yóò ṣe dán tó. Bàbá ra ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, eérú tó sì ń lò, ti Ìyá àgbà ni, èyí tó ń rí nínú èèpo kòkó tó ń jó láti fi se ọṣẹ dúdú tó ń tà.

"Eérú mi tún ti dínkù," Ìyá àgbà á sọ láti inú ilé.

"Àlejò ló fi wẹ̀."

"Ṣé kò ní ọṣẹ nílé bàbá ẹ̀ ni?"

Nígbà tí bọ́ńpà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ewé tó fẹ́ rọ, wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Ṣítù, tó ń tún bọ́dì mọ́tò ṣe lẹ́bàá títì. Ó wò ó, ó mi orí.

"Bàbá, èyí kì í ṣe idẹ o. Idẹ dé inú ni. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo irin yìí. Ẹ ti ń bó o lára láti ọdún méjì."

Ojú Bàbá rẹ̀wẹ̀sì. Láti ọjọ́ yẹn, aṣọ rírọ̀ àti omi lásán ló ń lò, kò sì jẹ́ kí Làmídì fọwọ́ kan bọ́ńpà mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, bó ṣe ń jẹun, ó sọ fún Ìyá àgbà pé, "Ìfẹ́ ni mo fi ń ra á. Kò mọ̀ pé ìfẹ́ ni."

Gbogbo obìnrin àdúgbò ló ń wo ara wọn nínú ọkọ̀ yẹn. Tí wọ́n bá ń lọ sí ọjà, wọ́n á dúró, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ síwájú bọ́ńpà, wọ́n á tún gèlè wé, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín nítorí irin náà ń fẹ ojú èèyàn bí ojú ẹṣin. Bàbá kì í lé wọn. Ẹni tó bá ìjà wá ni òbúkọ Ìyá Sàlámátù, aládùúgbò wa. Òbúkọ ńlá kan ni, onírùngbọ̀n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí òbúkọ mìíràn nínú ìdérí táyà iwájú, ó fà sẹ́yìn, ó sì kàn án. Ó kàn án láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kan, ìdérí táyà ti tẹ̀ wọnú bí àwo.

Làmídì lọ bá obìnrin náà. "Ìyá Sàlámátù, ẹran yín ti ba ọkọ̀ jẹ́."

"Ta ló ní kí ẹ gbé dígí síta? Ẹran mi rí òbúkọ àjèjì lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe, kó kí i?"

Wọ́n kó ẹjọ́ wá sọ́dọ̀ Bàbá. Ó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó sì ní kí wọ́n lọ wá igbá ńlá mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà, igbá ni wọ́n ń fi dé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹni dé oúnjẹ. Làmídì kùn pé ẹran ló jẹ̀bi, àwọn ló ń jìyà. "Òbúkọ yẹn kò jẹ̀bi," ni Bàbá wí. "Èmi náà máa ń rí ọkùnrin kan nínú irin yẹn, n kì í tètè mọ̀ pé èmi ni."

Mo lọ sí yunifásítì ní Ìbàdàn, mo ń kọ́ nípa ọrọ̀ ajé. Ọdún kejì, mo wá sílé fún ọlidé, orí mi ti kún. Mo jókòó ti Bàbá lọ́dẹ̀dẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ rẹ̀ kò bọ́gbọ́n mu.

"Bàbá, tí wọ́n bá yọ gbogbo irin dídán yẹn kúrò, ọkọ̀ náà á fúyẹ́, epo tó ń mu á sì dínkù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ kankan."

Ó ń bó ọsàn lọ́wọ́. "Kò sí ọ̀kan?"

"Kò sí ọ̀kan."

"Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sọ́rùn agbádá ńkọ́? Iṣẹ́ wo lòun ń ṣe?"

"Ìyẹn yàtọ̀, Bàbá."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Agbádá kì í mu epo," mo ní.

Làmídì, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀gá kékeré, ẹ padà sí Ìbàdàn lọ bi wọ́n dáadáa."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó bó ọsàn náà tán, ó là á sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Ó ní, "Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yẹn, ó hàn pé nǹkan rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Orí ni mo fi ru ọsàn dé Ìbàdàn. Ó wù mí kí n mọ bó ṣe máa ń rí, kí nǹkan ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ èèyàn débi tí yóò fi fún mọ́tò ní ìpéǹpéjú."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó mi. Kò tó mi.

Ọdún tí mo parí, ọjọ́ tí wọ́n máa fún wa ní oyè ń bọ̀, Bàbá sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ pẹ̀lú Àlejò. Oorun dá lójú mi. Mo ń rí ọkọ̀ náà bó ṣe máa wọ ọgbà yunifásítì, pẹ̀lú eyín rẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀, láàárín àwọn ọkọ̀ kéékèèké aláwọ̀ eérú ti àwọn tíṣà wa. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Tọ́lá, ọmọ adájọ́, tí mo fẹ́ kó máa wò mí bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. N kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn mi lójú Bàbá. Mo wá kọ lẹ́tà.

Èmi tí wọ́n tọ́ nínú ilé yẹn ni mo gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ka lẹ́tà níbẹ̀. Lẹ́tà kì í ṣe ti ẹnìkan. Tó bá dé, wọ́n á gbé e sórí àpótí títí tí wọ́n á fi kírun ìrọ̀lẹ́ tán, gbogbo ilé á wá pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Múnírá, tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà náà, á wá dìde kà á sókè. Bí ó bá ti ń ka ìkíni kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n kí á dáhùn, bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ wà níwájú rẹ̀. Ẹnu Múnírá ni mo ti gbọ́ bó ṣe lọ lọ́jọ́ náà, ó sì ti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré.

"Mo kí Ìyá àgbà."

"O káre, Àkànní ọmọ mi."

"Mo kí Làmídì."

"Mo gbọ́ o, ọ̀gá kékeré."

Àwọn méjì mìíràn tún wà níbẹ̀, Bàbá Ṣítù tó wá ṣeré, àti Ìyá Sàlámátù tó wá bu iná. Lẹ́tà náà kí àwọn méjèèjì tán. Ìgbà náà ni Múnírá rí ohun tó wà nísàlẹ̀, ó sì ká ìwé náà.

"Ó tán, Bàbá."

Bàbá na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ibi tí Múnírá dúró. "Kò tán. Yíǹkì ṣì wà níbí, ó tún wà níbí. Kà á."

"Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni, Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ ilé ìwé náà, kà á. Má fo nǹkan kan."

Ó kà á. *Bàbá, ẹ dákun, ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn wá. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Irin ara rẹ̀ ti pọ̀ jù, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ojú á sì tì mí.*

Múnírá ní Làmídì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá Sàlámátù gbé iná rẹ̀, ó lọ láìdágbére. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ọmọ yìí ti mọ̀wé jù."

"Rárá," ni Bàbá wí. "Ó kọ ọ́ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe Bàbá Ṣítù padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Bàbá kò jẹ́ kó lo òòlù. Síkúrù kọ̀ọ̀kan tó bá tú, Bàbá á gbà á, á sọ ọ́ sínú agolo mílíìkì. Wọ́n yọ eyín. Wọ́n yọ ìpéǹpéjú. Wọ́n yọ mànàmáná ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bọ́ńpà iwájú, bọ́ńpà ẹ̀yìn, ìdérí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fi pọ́tì dí gbogbo ihò, wọ́n kùn ún lọ́dà.

Lọ́jọ́ oyè wa, mo wọ gáùn dúdú, wọ́n fi aṣọ sílíìkì pupa kọ́ mi lọ́rùn, fìlà onígun mẹ́rin wà lórí mi, òwú rẹ̀ sì ń gbá mi lójú. Tọ́lá wá bá mi, kámẹ́rà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ̀ bàbá àgbà yín dà? Láti ọdún kìíní lo ti ń ròyìn ẹ̀ fún mi. Mo ti fi ààyè fọ́tò mẹ́rin sílẹ̀ nínú fíìmù fún un."

Mo wò ó lójú bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ń retí ọkọ̀ náà bí ọmọdé ṣe ń retí ọdún.

Làmídì ni mo kọ́kọ́ rí lábẹ́ igi. Ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí n kò mọ̀. Ó rí bí adìẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ lára rẹ̀. Ojú méjì péré ló kù fún un, kò sí ẹnu. Ìgbà tí mo rí ìyẹ́ ẹ̀yìn ni mo mọ̀ ọ́n.

"Kí ló ṣe é?" mo bi Làmídì.

"Ẹ bi ara yín, ọ̀gá kékeré."

Bàbá jáde láti inú ọkọ̀, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo dìde, ó fọwọ́ mú sílíìkì pupa tó wà lọ́rùn mi, ó fi àtàǹpàkò àti ìka pa á wò, bó ṣe máa ń yẹ ọsàn wò. Mo mọ ìbéèrè tó lè bi mí: iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Kò bi mí. Ó ní, "Ọjọ́ rẹ nìyí, Àkànní. Ẹnìkan ṣoṣo ló yẹ kó máa dán lónìí."

Fọ́tò kan ni Tọ́lá yà. Bàbá gbé ọwọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà. Èmi ló ń wò. Èmi kò wo ibì kankan.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo wá sílé lọ́jọ́ kan, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá àwọn irin yẹn padà sára rẹ̀."

"Wọ́n ti dí ihò ẹ̀," ló wí. "Tí wọ́n bá tún lu òmíràn, omi á wọ̀ ọ́." Ó wá bi mí bí ọ̀nà Ìbàdàn ṣe rí. Mo sọ bí ọ̀nà ṣe rí. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ, mo ti kọ̀wé oyè, mo ti ka ìwé tó kún yàrá, n kò rí ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà sọ. Mo tún wá lọ́dún mìíràn, n kò sọ ọ́. Wọ́n wá pè mí lọ́jọ́ kan pé Bàbá ti jí, ó kírun àárọ̀, ó dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Ìyá àgbà fi hàn mí pé kò sí ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan tí Bàbá kò fa àwọn irin náà jáde, kó nù wọ́n, kó tún dì wọ́n padà. Mo wo aṣọ tí wọ́n fi wé wọn, mo mọ̀ wọ́n. Aṣọ Ìyá àgbà ni gbogbo wọn, títí kan ìborùn tó fi so bọ́ńpà nígbà kan. Mo bi í ìdí tó fi kó aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tó ń bá jà látọjọ́ yìí. Ó ní, "Àlejò ò ní sùn níhòòhò nínú ilé tèmi."

Onírin padà wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí.

"Bàbá, ṣé ẹ ti rò ó?"

"Mo ti rò ó. Kì í ṣe títà."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Kò ní mọ́tò tí yóò wọ̀ mọ́."

"Kò ní iṣẹ́ kankan tó máa ṣe," mo wí fún un. Mo kó páànù àtijọ́ tí wọ́n tú kúrò lórí ilé fún un, ó sì lọ pẹ̀lú ayọ̀.

Káfíńtà tó wá kan òrùlé ló bá mi kan bọ́ńpà iwájú mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ojú èèyàn máa ṣe rẹ́gí sí. Ó ti pọ́n ní ibi púpọ̀, níbi tí eérú ti bó o. Síbẹ̀, ó ṣì ń dán níbi tó kù. Múnírá ló kọ́kọ́ lọ dúró síwájú rẹ̀, ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Ojú mi ti fẹ̀ jù níbí, Bọ̀dá mi."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Tí mo bá kọ èyí tán, òun ni mo máa gbé e fún. Á kà á sókè lọ́dẹ̀dẹ̀ yẹn lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ibojì Bàbá kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ síbẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó má fo nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà nìyí, Bàbá: ẹ dárí jì mí.

N kò mọ iye àwọn tó máa wà níbẹ̀ láti gbọ́ ọ, nítorí àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ ti ń lọ tán. Ìyá àgbà ti lọ. Ọdún mẹ́rin péré ló lò lẹ́yìn Bàbá. Bàbá Ṣítù ti lọ, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Ìyá Sàlámátù ti lọ. Làmídì pẹ́ láyé, ọjọ́ tí mo lọ kí i kẹ́yìn ní Ìlọ́ra, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó ṣì ń pè mí ní ọ̀gá kékeré. Òun náà lọ lọ́dún tó kọjá. Tọ́lá kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo kà á mọ́ wọn. Ó wà ní Ìbàdàn, orúnkún ń dùn ún, fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ka lẹ́tà náà fún ti lọ. Ẹni tó kà á wà. Ẹni tó kọ ọ́ náà wà.